Báwo Ni Ọkọ̀ Tí Kò Ní Awakọ̀ Nínú Ṣe Ń Gbọ́ràn?

Báwo ni ọkọ̀ tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀, tí okùn kankan kò sì so ó mọ́ ọwọ́ ẹni tó ń wà á, ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kí ó yà sọ́tùn-ún? Ọmọdé tó bá rí ọkọ̀ rìmóòtù máa ń bèèrè láìfọ̀tá pè. Àgbàlagbà náà fẹ́ mọ̀, ṣùgbọ́n ojú máa ń tì í, kí wọ́n má baà ní kí ló kàn án pẹ̀lú nǹkan ìṣeré. Ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń fún ọmọdé ni pé rédíò ló ń wà á. Ìdáhùn yẹn kò tó, nítorí rédíò kì í yí táyà. Láàárín ìka tó tẹ rìmóòtù àti táyà tó yí lórí ilẹ̀, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló wà, èyí kan ń gbé e lé èkejì lọ́wọ́, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹni tí kò kàwé sáyẹ́ǹsì kò lè lóye. Màá tò ó tẹ̀léra nínú orí yìí, láti ọwọ́ dé ilẹ̀. Ọkọ̀ tí màá fi ṣe àpẹẹrẹ kì í ṣe tuntun. Hornet ni, èyí tí ilé iṣẹ́ Tamiya ní ìlú Shizuoka, lórílẹ̀-èdè Japan, kọ́kọ́ gbé jáde ní 1984, tí wọ́n sì tún rọ ní 2004. Mo mú un nítorí mo gbà pé irú ọkọ̀ àtúnrọ bẹ́ẹ̀ ló dára jù lọ fún àgbàlagbà tó fẹ́ mọ bí ọkọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún ẹni tó ń tò ó, kò sì fi àléébù ara rẹ̀ pa mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ọkọ̀ àtúnrọ jẹ́. Ní 1946 ni wọ́n dá Tamiya sílẹ̀, iṣẹ́ pákó ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ sórí ike. Ní 1976 ni wọ́n gbé ọkọ̀ rìmóòtù wọn àkọ́kọ́ jáde, tí wọ́n ṣe ní àwòrán Porsche 934. Sand Scorcher tẹ̀lé e ní 1979, Frog ní 1983, Grasshopper àti Hornet ní 1984. Kyosho, tí òun náà jẹ́ ilé iṣẹ́ Japan, ti gbé Scorpion jáde ní 1982. Ní Amẹ́ríkà, Team Associated gbé RC10 jáde ní 1984, aluminiọ́mù aláwọ̀ wúrà ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọdé tí wọ́n ń fi ojú jẹ àwọn ọkọ̀ yìí nínú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù nígbà náà ti dàgbà, owó sì ti wọ ọwọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí Grasshopper fi padà wá ní 2005, Sand Scorcher ní 2010, RC10 ní 2013, Scorpion ní 2014. Ẹni tó bá rà á kò ní rí ọkọ̀ nínú páálí. Ohun tí yóò rí ni ẹ̀yà ike tó ṣì so mọ́ férémù, àpò sukúrú, sípíríìngì, táyà, àti ìwé àwòrán tó ń sọ ohun tó ṣáájú èyí. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò tò ó, bóyá ní alẹ́ mélòó kan.

Ohun tó jẹ́ kí àtúnrọ ṣeé ṣe ni móòdù. Irin ńlá méjì ni wọ́n máa ń gbẹ́ inú wọn ní àwòrán ẹ̀yà tí wọ́n fẹ́. Wọ́n á pa méjèèjì dé, wọ́n á fi agbára ńlá ti ike tó ti yọ́ sáàárín wọn, bó bá sì tutù, ẹ̀yà á jáde. Gbogbo ẹni tó ti dúró ti àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá ọ̀nà mọ̀ pé móòdù ló gbówó lórí, pé búlọ́ọ̀kù kan kò tó nǹkan. Bákan náà ló rí níbí. Bí wọ́n bá tọ́jú móòdù 1984 dáadáa, ohun tó jáde nínú rẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún yóò bá ti àkọ́kọ́ mu dé ibi ihò sukúrú. Àwọn tó ń rọ ọ́ máa ń yí nǹkan díẹ̀ padà, pàápàá níbi tí iná ti ń gbà, ṣùgbọ́n egungun ọkọ̀ náà ṣì ni. Nítorí náà, kì í ṣe ayédèrú, kì í sì í ṣe àwòkọ. Ẹni tó ń tò ó ń ka èrò àwọn tó ṣe é ní 1984 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rò ó.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ọwọ́ tó di rìmóòtù mú. Ẹni tó kọ́kọ́ fi han aráyé pé ènìyàn lè darí nǹkan láìfọwọ́ kàn án ni Nikola Tesla. Ní 1898, ní Madison Square Garden ní New York, ó gbé ọkọ̀ ojú omi kékeré kan sínú omi, ó sì ń darí rẹ̀ níṣojú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọgbọ́n náà kò tíì yí padà. Ẹ jẹ́ ká pe ohun tó wà lọ́wọ́ ní apàṣẹ, ká sì pe àpótí kékeré tó wà nínú ọkọ̀ ní agbàṣẹ. Apàṣẹ máa ń mú kí iná mànàmáná lọ síwá sẹ́yìn nínú éríà rẹ̀ kíákíá. Níbi tí iná bá ti ń lọ síwá sẹ́yìn bẹ́ẹ̀, ìgbì máa ń jáde kúrò níbẹ̀, tí yóò sì máa yára bí ìmọ́lẹ̀, 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìgbì náà bá kan éríà agbàṣẹ, yóò mú kí iná tí kò tó nǹkan máa lọ síwá sẹ́yìn nínú òun náà, ní ìwọ̀n kan náà. Kò sí ohun mìíràn tó ń ré kọjá láàárín méjèèjì. Ní 1984, ìgbì mílíọ̀nù 27 ni ọ̀pọ̀ rìmóòtù ń rán jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan; tòde òní ń rán bílíọ̀nù 2.4. Bí ìgbì bá ṣe pọ̀ tó láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń kúrú sí i. Ti àtijọ́ gùn tó mítà 11, tòde òní kò ju sẹ̀ǹtímítà 12 àti ààbọ̀ lọ. Éríà sì máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí gígùn rẹ̀ bá tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbì tó fẹ́ gbọ́. Ìdí nìyí tí apàṣẹ àtijọ́ fi ní irin gígùn tí wọ́n ń fà jáde, tí wáyà gbọọrọ sì ń jù lẹ́yìn ọkọ̀, nígbà tí éríà inú ọkọ̀ òní kò gùn ju ìka kékeré lọ.

Ìṣòro kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba eré ìje jẹ́ nígbà náà. Bí ẹni méjì bá ń lo ìgbì kan náà, ọkọ̀ ẹnì kìíní yóò máa gbọ́ràn sí ẹnì kejì lẹ́nu. Wọ́n máa ń fi kírísítálì pín ìgbì láàárín àwọn tó ń díje, kí tẹnì kan má bàa kan tẹnì kejì, wọ́n sì máa ń so àsíá aláwọ̀ mọ́ éríà kí gbogbo ènìyàn lè rí ẹni tó ń lo èwo. Ohun tó tú wọn sílẹ̀ ni èrò kan tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní 1942, Hedy Lamarr tó jẹ́ òṣèré fíìmù, àti George Antheil tó ń kọ orin sílẹ̀, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà kan láti darí ohun ìjà abẹ́ omi: kí apàṣẹ àti agbàṣẹ jọ máa fò láti orí ìgbì kan dé òmíràn, ní ètò tí àwọn méjèèjì nìkan mọ̀, kí ọ̀tá má lè dí wọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ rìmóòtù òní ń fò bẹ́ẹ̀, apàṣẹ kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí agbàṣẹ ti há sórí. Lọ́jọ́ ọjà ní Ìkàrẹ́ ní ilẹ̀ Àkókó, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọgọ́rùn-ún ohùn ló ń dún lẹ́ẹ̀kan náà, síbẹ̀ ọmọ máa ń dá ohùn ìyá rẹ̀ mọ̀ nínú wọn, yóò sì yíjú sí i. Ohun tí agbàṣẹ ń ṣe nìyẹn.

Kí ni apàṣẹ ń sọ gan-an? Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ kan wà tó túmọ̀ sí pé “yà sọ́tùn-ún”. Kò sí. Àkókò ni agbàṣẹ ń fún àpótí kékeré tó ń yí táyà iwájú, tí wọ́n ń pè ní sẹ́fò. Nǹkan bí ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni agbàṣẹ máa ń tan iná fún un, tí yóò sì tún pa á. Bí iná náà bá pẹ́ tó ìdá kan àti ààbọ̀ nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, táyà yóò wà ní gbọọrọ. Bó bá kúrú dé ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, táyà yóò yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bó bá gùn dé ìdá méjì, yóò yí sí èkejì. Nínú sẹ́fò, ẹ̀ńjìnnì iná kékeré kan wà pẹ̀lú jíà, aṣọ́nà kan sì tún wà tó ń sọ ibi tí ọwọ́ sẹ́fò wà báyìí. Sẹ́fò ń fi ibi tó wà wé ibi tí wọ́n ní kó wà. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, yóò máa yí títí wọn yóò fi dọ́gba. Bí òkúta bá ti táyà kúrò nípò, aṣọ́nà á ríi, sẹ́fò á sì tì í padà láìdúró de ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ síbí díẹ̀, torí ìwòpadà yìí, kí ẹ̀rọ máa wo iṣẹ́ ara rẹ̀ kó sì máa tún un ṣe, ló wà nínú fíríìjì tó ń pa ara rẹ̀ tó sì ń tan ara rẹ̀, òun ló sì wà nínú ọkọ̀ òfuurufú tó ń fò láìsí ọwọ́ awakọ̀ lórí ìdarí. Nínú Hornet, ènìyàn lè rí i kó sì fọwọ́ kàn án.

Ìyára ló tẹ̀lé e. Ní 1984, sẹ́fò kejì ló máa ń gbé apá irin kan gba orí àwọn bàbà pẹlẹbẹ, tí iná yóò fi gba inú wáyà kan tó ń dí i lọ́nà kó tó dé ẹ̀ńjìnnì. Bí wọ́n bá fẹ́ rọra lọ, iná púpọ̀ ni wáyà yìí ń sọ di ooru lásán. Bátìrì ń tán, wáyà ń gbóná, ìpele ìyára kò sì ju díẹ̀ lọ. Ọkọ̀ àtúnrọ ń lo adíwọ̀n iná tí kò ní ohun tó ń rìn nínú. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kì í dí iná lọ́nà. Ńṣe ló ń tàn án tó sì ń pa á, bí ẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá tàn án fún ìdajì àkókò, ẹ̀ńjìnnì á gba ìdajì agbára, kò sì sí ohun tó fi bẹ́ẹ̀ ṣòfò. Nínú ẹ̀ńjìnnì náà, òòfà méjì wà lára ìkòkò irin, wáyà bàbà sì wà lára ọ̀pá tó ń yí láàárín wọn. Iná ń gba inú kábọ́ọ̀nù kékeré méjì wọ inú wáyà, wáyà á di òòfà fún ìgbà díẹ̀, òòfà ẹ̀gbẹ́ á fà á; kó tó dé ibi tí wọ́n ń fà á sí, ọ̀nà iná á ti yí padà, wọ́n á tún fà á síwájú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń yí bí ìgbà 15,000 ní ìṣẹ́jú kan bí ẹrù kò bá sí lórí rẹ̀. Táyà kò lè lo irú eré bẹ́ẹ̀, ẹ̀ńjìnnì náà kò sì ní okun tó láti ti ọkọ̀ ní tààrà. Jíà ló ń ṣe pàṣípààrọ̀: yíyí púpọ̀ tí kò lágbára wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan, yíyí díẹ̀ tó lágbára jáde ní èkejì.

Ilẹ̀ ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù, ilẹ̀ Àkókó kì í sì í ṣe ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Òkúta àtayébáyé ló wà lábẹ́ Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní náísì, òun ló sì yọrí sókè tó di àwọn òkè tó yí àwọn ìlú náà ká. Bí òjò àti oòrùn bá ti jẹ òkúta yìí di iyẹ̀pẹ̀ pupa, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kì í rà: kúọ́tì, hóró funfun tó ń dán bíi dígí, tó sì le ju irin lásán lọ. Lákòókò ọyẹ́, tí eruku bá ń fẹ́, hóró tó kéré jù nínú wọn máa ń wọ gbogbo ibi tó bá ṣí sílẹ̀. Níbi tí ọ̀pá táyà ti ń yí, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ kò ní bíárìn oníbọ́ọ̀lù. Òrùka ike tàbí ti irin lásán ni wọ́n fi sí i. Kúọ́tì tó bá wọ ibẹ̀ pẹ̀lú gíríìsì á di ohun ìlọ̀, yóò máa jẹ ọ̀pá, ihò á fẹ̀, táyà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹni tó mọ èyí yóò fi bíárìn tí wọ́n dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì rọ́pò wọn kí ọkọ̀ tó kan ilẹ̀. Gíríìsì yóò sì wà nínú àpótí jíà tí wọ́n pa dé nìkan.

Àléébù Hornet tó tóbi jù wà lẹ́yìn. Ẹ̀ńjìnnì, àpótí jíà àti ọ̀pá táyà méjèèjì jẹ́ odidi kan ṣoṣo tó ń gbéra pọ̀. Bí táyà òsì bá gun òkúta, gbogbo rẹ̀ ló máa fì, táyà ọ̀tún náà á sì pàdánù bó ṣe tẹ ilẹ̀. Ohun tó wúwo báyìí máa ń lọ́ra láti padà wálẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ náà fi máa ń fò pọ́n-ún pọ́n-ún lórí ilẹ̀ gbágungbàgun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì ọlọ́ọ̀ìlì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ọkọ̀ tuntun, táyà kọ̀ọ̀kan ní apá tirẹ̀, ẹ̀ńjìnnì sì dúró sára ọkọ̀. Ẹnìkan lè sọ pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ènìyàn ń fi ọkọ̀ àtijọ́ ṣe? Mo gbà pé tuntun yára jù, ó sì dúró jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra èyí tí kò ní àléébù kò ní mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti rí Hornet tó ń fò, tó sì mọ̀ pé ìwúwo tó so mọ́ táyà ló fà á, yóò mọ ìdí tí gbogbo ọkọ̀ ìrìnnà tó dára fi ń gbìyànjú láti dín ìwúwo yẹn kù. Lẹ́yìn náà, níbi tí wọ́n ti ń fi irú ọkọ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ díje ní Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà, wọ́n sábà máa ń ní kí gbogbo ènìyàn lo ẹ̀ńjìnnì irú kan náà. Owó kò lè fi bẹ́ẹ̀ ra ipò kìíní. Ọwọ́ tó tò ó dáadáa àti ojú tó mọ ilẹ̀ kà ló máa ń borí.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọ̀kà tún ń kọ́ni ní ohun tó kọjá eré. Bí Hornet bá ń gòkè, ìwúwo rẹ̀ á sún sẹ́yìn, táyà ẹ̀yìn tó ń ti ọkọ̀ á di ilẹ̀ mú dáadáa, ṣùgbọ́n iwájú á fúyẹ́, ọkọ̀ á sì máa lọ́ra láti yà. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀, òdìkejì ni: ìwúwo á sún síwájú, ẹ̀yìn á fúyẹ́. Ẹ̀yìn yẹn gan-an ni bíréèkì rẹ̀ wà. Kò ní pátákó bíréèkì rárá. Bí awakọ̀ bá ní kó dúró, adíwọ̀n iná á so ojú ẹ̀ńjìnnì méjèèjì pọ̀, ẹ̀ńjìnnì tí táyà ń yí á di ẹ̀rọ tó ń pèsè iná, iná náà á sì máa ta ko yíyí tó bí i. Bí awakọ̀ bá fà á lójijì lórí iyanrìn, ẹ̀yìn á gbá yí. Eré tó wà lára ọkọ̀ kò lè pòórá. Ó gbọ́dọ̀ di ooru níbì kan. Nínú ọkọ̀ kékeré, ooru náà kéré. Nínú tírélà tó kún fún ẹrù, ó pọ̀ débi pé bíréèkì tí awakọ̀ ń tẹ̀ láti orí òkè dé ìsàlẹ̀ láìlo jíà kékeré lè gbóná kọjá agbára rẹ̀, kó má sì mú mọ́. Àwọn tó ń gbé Àkùngbá ní Àkókó kò tíì gbàgbé oṣù kìíní ọdún 2021, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sì pa àwọn ènìyàn, tí akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn, nítòsí Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin. Ìmọ̀ nípa bí ìwúwo ṣe ń sún, bí jíà ṣe ń dá ọkọ̀ dúró àti bí ooru ṣe ń pa bíréèkì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣeré fún ẹni tó ń gbé ibẹ̀.

Èyí ni ìdáhùn mi fún àwọn tó ń sọ pé àgbàlagbà kò yẹ kó máa tò mọ́tò ọmọdé. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ti ń fi agolo mílíìkì ṣe mọ́tò, tí wọ́n ń gé sílípáàsì tó ti já ṣe táyà rẹ̀, tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kó ti Japan wọlé. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n ń ṣe, ẹnikẹ́ni kò kàn pè é bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni pé a máa ń ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ ní kété tí wọ́n bá dàgbà tó láti lóye rẹ̀. Ti owó jẹ́ òótọ́: irú ọkọ̀ yìí ní owó tirẹ̀, kí ènìyàn tó ra apàṣẹ, bátìrì àti ṣájà, owó kékeré sì kọ́ ni fún olùkọ́ tàbí oníṣọ́ọ̀bù. Mi ò ní sọ pé kí ẹnì kan ṣoṣo gbé e. Ọkọ̀ kan tó fún ẹgbẹ́ kan tàbí ilé ẹ̀kọ́ kan, torí títò àti títú ni ẹ̀kọ́ wà, ó sì ṣeé tú léraléra. Ti àìsí iná mànàmáná kò le rárá. Bátìrì Hornet kò ju fóótì 7.2 lọ, ọ̀pọ̀ ṣájà ló sì lè gba iná lára bátìrì ọkọ̀ tàbí ti sólà oní-fóótì 12.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ mú èyí tí táyà ẹ̀yìn méjì nìkan ń tì, ẹ sì fi bíárìn sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ lo bátìrì NiMH kí ẹ tó ronú kan LiPo, nítorí LiPo tó bá lu tàbí tí wọ́n gba iná sí ju bó ṣe yẹ lọ lè gbiná. Ẹ wá pápá ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ tí kò sí ẹ̀kọ́. Ẹ má ṣe gbé e dé títì láé, kì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan: awakọ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè kò lè rí ohun tí kò ga dé orúnkún, ọmọ tó bá sáré tẹ̀lé e kò sì ní rí awakọ̀ náà.